Bí Bàbá Àgbà Ṣe Yan Hẹlikọ́pítà Bí Ẹni Yan Àgbò

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka ìwé yìí, ṣé ẹ ti rí ẹni tó gbé hẹlikọ́pítà lọ́wọ́, tó ń wá ẹnu ẹ̀ kó lè yọjú wo eyín ẹ̀ rí? Ẹ má parọ́. Èmi ti rí i. Bàbá àgbà mi ni, nínú ṣọ́ọ̀bù kan ní Wùsé, lójú gbogbo èèyàn. Èmi náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mò ń wo òrùlé bíi pé mi ò mọ̀ wọ́n rí.

Òní ló pé ogójì ọjọ́ tí wọ́n ti lọ. Àwọn àgbà ará Ìlọrin tó ń tajà ní Dei-Dei ló ní iwájú ṣọ́ọ̀bù Bàbá ni kí àdúrà ogójì ti wáyé. Tí wọ́n bá ti ṣe àdúrà tán, iṣẹ́ kan wà lọ́rùn mi. Mo gbọ́dọ̀ gbé hẹlikọ́pítà kékeré kan dìde lójú àwọn àgbà yìí, kó dúró lójú kan lókè, kó má lọ síwájú, kó má lọ sẹ́yìn, fún ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn fi ń ṣe àlùwàlá tán. Tí kò bá dúró, á jẹ́ pé Bàbá parọ́. Bàbá sì rèé, wọn kì í parọ́. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ bó ṣe jẹ́, kí wọ́n tó pè mí.

Páànù ni wọ́n ń tà. Kí oníbàárà tó béèrè iye, wọ́n á ti fi èékánná ta páànù yẹn, wọ́n á dijú, wọ́n á gbọ́ bó ṣe ń dún. Etí wọn ló ń sọ fún wọn bó ṣe nípọn tó. Nígbà tó yá, kò sóhun tó wọ ilé wa ní Kado tí wọn ò fi èékánná ta. Ìkòkò tuntun, tẹlifíṣọ̀n, ilẹ̀kùn fíríìjì, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n ta. Lọ́jọ́ tí èsì JAMB mi jáde, èsì tí mi ò ní kọ síbí nítorí pé ọmọlúàbí lẹ̀yin náà, mo ká jọ sórí àga ní pálọ̀. Bàbá ti ọjà dé, wọn ò bá mi wí, wọn ò pè mí lórúkọ. Wọ́n fi èékánná ta mí níwájú orí, wọ́n dijú, wọ́n tẹ́tí. Wọ́n wá ní, "Kò ṣófo. Ó kàn ń dún díẹ̀ ni."

Ìjà kan ṣoṣo tí mo rí láàárín àwọn àti Dádì mi, tí wọ́n jọ wà ní ṣọ́ọ̀bù, lórí irọ́ náà ni. Ọkùnrin kan wá ra páànù tó fẹ́ fi kan ilé ìyá ẹ̀. Èyí tó fẹ́lẹ́ ló mú, ó ti ń kó o sọ́kọ̀. Bàbá da ọkọ̀ dúró. Wọ́n ní níbi tó dárúkọ yẹn, atẹ́gùn á ká páànù yìí bíi bébà kí ọdún méjì tó pé, kó lọ sí ṣọ́ọ̀bù kẹta, èyí tó nípọn wà níbẹ̀, tiwọn ti tán. Ọkùnrin náà lọ, kò sì padà wá. Dádì ní ọjà kọ́ nibi wáàsí. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọn ò fi bára wọn sọ̀rọ̀, èmi ni wọ́n ń rán síra wọn bíi lẹ́tà. Mo máa ń gbàgbé ìdajì ohun tí wọ́n bá rán mi, bóyá ìyẹn gan-an ló parí ìjà náà. Èyí tí mi ò gbàgbé ni ohun tí Bàbá ní kí n lọ sọ fún Dádì níkẹyìn. "Sọ fún un pé orí èèyàn ni páànù yẹn máa bò. Mi ò lè parọ́ lé èèyàn lórí."

Ẹ jẹ́ kí n bọ́ sórí ọ̀rọ̀ àgbò. Tí Iléyá bá ti ń bọ̀, àwọn èèyàn wa á wá bẹ Bàbá pé kí wọ́n bá àwọn yan àgbò ní ọjà ẹran Dei-Dei. Wọ́n á wo eyín ẹ̀, wọ́n á tẹ ẹ̀yìn ẹ̀, wọ́n á gbé ẹsẹ̀ ẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà wọ́n á ní kí ẹlẹ́ran tú okùn ọrùn ẹ̀. Ẹlẹ́ran á ní kai, Alhaji, á sá lọ o. Wọ́n á ní tó bá sá, a ti mọ̀. Èyí tí wọ́n bá tú sílẹ̀ tó dúró, tó ń wo èèyàn lójú, òun la máa mú relé.

Èmi ò fẹ́ràn irú ẹ̀. Oníwo ńlá lèmi máa ń fẹ́, èyí tó ń fi ẹsẹ̀ halẹ̀ bíi jagunjagun. Lọ́dún kan, mo bẹ̀bẹ̀ títí wọ́n fi jẹ́ kí n yan tèmi. Àárọ̀ ọjọ́ Iléyá gan-an ni jagunjagun mi já okùn. Ó sá gba ọ̀nà ọjà ẹja Kado, ó fi orí gbá agbada ẹja ààyè kan dànù, èmi ń sáré tẹ̀lé e nínú aṣọ funfun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán fún mi, mo sì ṣubú sínú omi ẹja náà. Bí mo ṣe wà nìyẹn tí mo fi dé Yídì. Bàbá sún díẹ̀ lórí ẹní, wọ́n tún sún díẹ̀ sí i, wọ́n wá rọra sọ fún mi pé, "Ìwọ lo yàn án. Má fara kàn mí."

Nígbà tí WAEC mi jáde tó sì dáa, tó ya gbogbo wa lẹ́nu, èmi gan-an ló yà jù, Bàbá bi mí pé kí ni mo fẹ́. Mo ní hẹlikọ́pítà, irú èyí tí wọ́n ń fi rìmóòtù gbé fò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ti fi jókòó sí káfé tí mò ń kà nípa ẹ̀. Mo tẹ ojú ewé mọ́kànlá jáde, mo fi pín-ìn-nì dì í pọ̀, mo gbé e sí abíyá bíi lọ́yà tó ń lọ kóòtù.

Méjì ni Ọ̀gá Chidi tó ni ṣọ́ọ̀bù náà gbé síwájú wa. Ọ̀kan tóbi, ó pupa, ìrù ẹ̀ gùn, abẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ló wà lórí ẹ̀, ó jọ èyí tí mínísítà ń wọ̀. Èkejì kéré, ó yẹ́lò, ikùn ẹ̀ rí bíi ti ẹ̀fọn tó mu ẹ̀jẹ̀ yó, abẹ̀bẹ̀ méjì ló wà lórí ẹ̀, ọ̀kan lókè ọ̀kan. Ọwọ́ mi ti wà lára èyí tó pupa. Bàbá gbé e kúrò lọ́wọ́ mi. Wọ́n tẹ ẹ̀yìn ẹ̀. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ ẹ̀ wò. Wọ́n wá ẹnu ẹ̀ títí. Nígbà tí wọn ò rí ẹnu, wọ́n kọjú sí Ọ̀gá Chidi, wọ́n fi Píjìn ìlú Ìlọrin bi í pé tí òun bá gbé e sókè tí òun fi í sílẹ̀, ṣé á dúró?

Ọ̀gá Chidi rẹ́rìn-ín. Ó ní èyí tó pupa kò ní dúró, ọwọ́ èèyàn ò gbọ́dọ̀ kúrò lára ẹ̀, gbogbo ìgbà lèèyàn á máa tún un ṣe, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á dojú dé. Ó ní ti kékeré yìí yàtọ̀, abẹ̀bẹ̀ òkè ń yí sọ́tùn-ún, ti ìsàlẹ̀ ń yí sósì, wọ́n ń fa ara wọn, kò sẹ́ni tó borí, ìdí nìyẹn tó fi lè dúró. Bàbá ní yauwa, ó dáa bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún bi í pé ibo ló máa ń tètè kán. Ó ní abẹ̀bẹ̀ ni. Wọ́n ní kó mú abẹ̀bẹ̀ míì wá. Ti kékeré, ó gbé ọ̀rá kan tó kún dẹ́nu jáde. Ti pupa, ó ní ẹnì kan ń gbé e bọ̀ láti Dubai. Bàbá bi í lẹ́ẹ̀kẹta pé kí ló ń bà á lẹ́rù. Ó ní atẹ́gùn ń ba àwọn méjèèjì lẹ́rù, ṣùgbọ́n kékeré lè fò ní pálọ̀. Bàbá gbé èyí tó pupa padà sórí tábìlì, wọ́n ṣe é jẹ́jẹ́, bí wọ́n ṣe máa ń dá àgbò padà fún ẹlẹ́ran.

Ẹ̀yin èèyàn, gbogbo ohun tí Bàbá béèrè yẹn ló wà ní ojú ewé kìn-ín-ní nínú mọ́kànlá tí mo gbé sí abíyá. Mo fò ó ni. Wọ́n kọ ọ́ sókè ẹ̀ pé àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ fún, mo sì rò pé kì í ṣe èmi. Mo fajú ro dé Kado. Mo ní àwọn ọ̀rẹ́ mi á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, pé nǹkan ọmọdé ni. Ìgbà tí a sọ̀ nínú bọ́ọ̀sì ni Bàbá tó fèsì. Wọ́n ní, "Èyí tó máa dúró dè ọ́ nígbà tí o ò tíì mọ nǹkan kan ni kó o kọ́kọ́ mú."

Láti ọjọ́ yẹn, wọn ò pè mí ní Mùsílíù mọ́. Páílọ́ọ̀tì ni. Páílọ́ọ̀tì, bu omi wá. Páílọ́ọ̀tì, o ò tíì kí èèyàn. Páílọ́ọ̀tì yìí sì rèé, àárín kọ́tìnì ló kọ́kọ́ balẹ̀ sí. Ó balẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì sínú tíì Dádì. Bàbá ló ṣàkíyèsí pé ẹsẹ̀ ẹ̀ sún mọ́ra jù, ìdí tó fi ń ṣubú nìyẹn tó bá ti kanlẹ̀. Wọ́n já igi mẹ́rin nínú ìgbálẹ̀, wọ́n fi òwú dì í mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀, ó wá la ẹsẹ̀ gbàgàdà bíi aláǹgbá. Ó burẹ́wà. Ṣùgbọ́n kò ṣubú mọ́.

Wọ́n bá mi ṣe àdéhùn kan. Lọ́jọ́ tó bá dúró títí àwọn fi ṣe àlùwàlá tán, àwọn á tẹ̀lé mi padà sí Wùsé, àwọn á bá mi mú èyí tó pupa. Ni wọ́n bá ń jókòó sí ẹnu ilẹ̀kùn pálọ̀ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ kírun alásàrì nílé, búútà omi níwájú wọn, èmi àti rìmóòtù nínú ilé. Wọ́n á fọ ọwọ́, wọ́n á yọ omi lẹ́nu, hẹlikọ́pítà á ti kọ lu ògiri. Wọ́n á ní, "Ẹnu lo dé lónìí, Páílọ́ọ̀tì." Lọ́sẹ̀ kejì, mo dé imú. Kí Iléyá tó dé, mo ti dé ojú. Wọn kì í kánjú, omi yẹn ń dà bí ẹni pé wọ́n ń rò ó. Mo gbà gbọ́ báyìí pé àlùwàlá wọn gùn sí i lásìkò yẹn, àmọ́ nígbà náà, inú ló kàn ń bí mi.

Mi ò lè ní sùúrù. Ọmọ kíláàsì mi kan wà ní Maitama, Dáre lorúkọ ẹ̀. Irú èyí tó pupa yẹn wà lọ́dọ̀ ẹ̀, ó ti sú u. Lẹ́yìn Iléyá, mo gbé kékeré fún un, mo gba ńlá, mi ò sọ fún ẹnì kankan nílé. Mo gbé ẹrù mi lọ sí pápá kan lẹ́yìn ilé wa lọ́sàn-án gangan. Ọyẹ́ ń fẹ́. Ó gbéra, ó yí lẹ́ẹ̀kan, ó dojú bolẹ̀. Abẹ̀bẹ̀ ẹ̀ fọ́ sí ọ̀nà mẹ́rin. Mo ṣà á sínú ọ̀rá, mo tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi.

Bàbá dé lọ́jọ́ náà, wọ́n béèrè Páílọ́ọ̀tì. Mo ní, "Ó ti ń dúró báyìí, sà. Mo ṣe é nígbà tẹ́ ẹ wà lọ́jà. Ó dúró títí Kúdí fi ṣe àlùwàlá tán."

Kúdí ni àbúrò mi obìnrin. Kò sí nílé lọ́jọ́ yẹn rárá.

Wọ́n wò mí. "Ó dé ẹsẹ̀?"

"Ẹsẹ̀ méjèèjì, sà."

"Yauwa," ni wọ́n wí. "Èmi náà á rí i lọ́la."

Lọ́la yẹn, mo ní bátìrì ti kú. Ọjọ́ kejì, mo ní ṣájà ò gbé iná. Lẹ́yìn ìyẹn, NEPA gbà mí, wọ́n mú iná lọ fún bí ọ̀sẹ̀ kan, inú mi dùn bíi pé èmi ni mo ni iléeṣẹ́ náà. Bàbá ń béèrè, mò ń dáhùn. Nígbà tó yá, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ béèrè mọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, èémí wọn ò já gaara mọ́. Dádì gbé mọ́tò wá sẹ́nu ọ̀nà láti gbé wọn lọ sílé ìwòsàn. Mo di apá wọn kan mú, Dádì di èkejì mú. Wọ́n ti gbé ẹsẹ̀ kan sínú mọ́tò kí wọ́n tó dúró, wọ́n fi ọwọ́ di ilẹ̀kùn mú, wọ́n yíjú sí mi. Wọ́n ní, "Páílọ́ọ̀tì, nǹkan wa ńkọ́?" Mo ní ó wà lórí ṣájà, sà. Wákàtí kan péré ni bátìrì yẹn fi ń kún. Wọ́n mọ̀, àwọn ni Ọ̀gá Chidi sọ ọ́ fún. Wọ́n mi orí. Wọ́n ní, "Kò burú. Jẹ́ kó kún dáadáa."

Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn ẹ̀, wọ́n gbé wọn wálé nínú aṣọ funfun. Wọn ò jẹ́ kó pẹ́, a sin wọ́n kí alásàrì tó pé. Gbogbo ọkùnrin ilé wa ló rí nǹkan gidi ṣe lọ́jọ́ náà. Èmi, bàtà àwọn èèyàn ni mò ń tò níta mọ́ṣáláṣí. Mi ò sunkún. Mò ń kó bàtà pọ̀ ní méjìméjì, mo sì kó wọn lódìlódì, àgbàlagbà kan wọ bàtà òsì méjì relé. Bàbá ì bá rẹ́rìn-ín.

Níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ ni Alhaji Sànúsí tó ń ta pákó ní tòsí wọn ti pè mí. Òun àti Bàbá ti jọ wà ní Dei-Dei kí wọ́n tó bí mi. Ó bi mí pé ṣé èmi lọmọ tó ni hẹlikọ́pítà yẹn. Mo ní èmi ni, sà. Ó ní àwọn máa ń fi Bàbá ṣe ẹ̀fẹ̀ lọ́jà, pé ọmọ tí kò rí yunifásítì wọ̀ ni wọ́n ra nǹkan ìṣeré fún. Ó ní Bàbá kì í fèsì. Àfi lọ́jọ́ kan lẹ́yìn Iléyá, tí ẹ̀fẹ̀ náà pọ̀ jù.

"Wọ́n dìde," ni Alhaji wí. "Wọ́n ní nǹkan yẹn ń dúró. Wọ́n ní àwọn fọ ọwọ́ títí àwọn fi fọ ẹsẹ̀, àwọn gbójú sókè, ó ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n ní, 'Mo fojú mi rí i. Ọwọ́ ọmọ yẹn balẹ̀.' Ta ló fẹ́ bá bàbá ẹ jiyàn? Gbé e wá ní ogójì. Àwa náà fẹ́ rí ohun tí wọ́n rí."

Mo ní ó dáa, sà. Kí ni mo tún fẹ́ sọ?

Mi ò sùn dáadáa láti ìgbà yẹn. Ẹni tí kò lè parọ́ lé oníbàárà lórí, ó parọ́ nítorí tèmi, láàárín ọjà, ó sì fi kún un pé òun fojú òun rí i. Bóyá wọ́n gbà mí gbọ́ débi pé ó dà bíi pé wọ́n rí i. Bóyá wọ́n ti rí ọ̀rá abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, tí wọ́n sì ń retí kí n fúnra mi sọ ọ́. Mi ò mọ̀. Kò sẹ́ni tí mo lè bi.

Ọjọ́ kejì, mo gbé ọ̀rá mi lọ sí Maitama, mo sọ gbogbo ẹ̀ fún Dáre. Kò gba èyí tó fọ́, kò sì bú mi. Ó gun àga, ó gbé kékeré sọ̀ lórí wọ́dúróòbù, eruku ti bò ó, igi ìgbálẹ̀ ẹsẹ̀ ẹ̀ ti já dànù. Mo di òmíràn mọ́ ọn. Láti ìgbà náà, Kúdí ló ń ṣe àlùwàlá fún mi lẹ́nu ilẹ̀kùn pálọ̀, ó ní òun ò mọ́ tó báyìí rí láyé òun. Mo kọjá ojú. Mo dé apá. Mo dé orí, mo dé etí.

Ní ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, mo jẹ́wọ́ fún Dádì. Mo ti gbára dì fún ìfọ́tí, mo tiẹ̀ ti yọ agogo ọwọ́ mi. Mo ní mo fẹ́ dìde lójú àwọn Alhaji, kí n sọ pé irọ́ ni mo pa.

"Tó o bá sọ bẹ́ẹ̀, irọ́ tìẹ kọ́ ni wọ́n máa gbọ́," ni Dádì wí. "Ti Bàbá ni wọ́n máa gbọ́. Lọ kọ́ ọ kó dúró."

Wọ́n ní inú ṣọ́ọ̀bù ni kí n ti ṣe é, a ó pa ilẹ̀kùn dé, atẹ́gùn ò ní rí ibẹ̀ wọ̀. A ò tíì ṣí ṣọ́ọ̀bù náà láti ọjọ́ tí Bàbá ti lọ.

Lánàá, Kúdí fọ ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó ṣì wà lókè. Ọwọ́ mi balẹ̀. Kò lọ sápá ibì kankan, ó kàn dúró síbẹ̀ bíi pé ó ń wò mí lójú. Kúdí wá bu omi sí ẹsẹ̀ òsì, ó bu ú jẹ́jẹ́, bí Bàbá ṣe máa ń ṣe é gẹ́lẹ́. Ni ẹkún tí mi ò sun níta mọ́ṣáláṣí bá dé. Mi ò rí nǹkan kan mọ́, ó sì já lulẹ̀. Mo ti pààrọ̀ abẹ̀bẹ̀ ẹ̀. Bátìrì ti kún. Ohun tí mi ò mọ̀ ni bí èèyàn ṣe ń fi ojú gbígbẹ wo ẹsẹ̀ òsì, níwájú àwọn àgbà tó tó ogún, nínú ṣọ́ọ̀bù tí gbogbo páànù ẹ̀ ti gba èékánná Bàbá...

Dádì ló ń pè mí yẹn. Wọ́n ní Alhaji Sànúsí ti fi omi sílẹ̀, òun fúnra ẹ̀ ló fẹ́ ṣe àlùwàlá náà, kí n gbé e ká máa lọ.